Iná Kò Sí, Ooru Ń Bẹ: Ọ̀rọ̀ Lórí Tábà Àmúgbóná

Àwọn tó bẹ̀ mí níṣẹ́ yìí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí tábà tuntun tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ mú gbóná, wọ́n sì bẹ̀ mí kí n má fi ìwàásù ṣe é. Mo gbọ́. Ẹ̀kọ́ nípa ooru ni màá ṣe.

Gbólóhùn kan ni ìpolówó ọjà yìí dá lé káàkiri àgbáyé: a kì í sun tábà yìí, a kàn ń mú un gbóná ni. Àwọn tó ń bá wọn jà ní irọ́ ni, ó ń jóná. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ìjà yẹn kò kan ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé: báwo ló ṣe gbóná tó? Ibo lára rẹ̀ ló gbóná jù? Báwo ló ṣe ń pẹ́ tó lórí ooru náà? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èròjà ló wà nínú ewé tábà, kálukú ló sì ní ìwọ̀n ìgbóná tó fi ń gbéra. Ẹni tó bá di ìwọ̀n yẹn mú lọ́wọ́ ló ń pinnu ohun tí ẹlòmíràn yóò fà sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Ọjà yìí kì í ṣe tàná. Ní 1988, ilé iṣẹ́ R.J. Reynolds ní Amẹ́ríkà gbé Premier jáde, sìgá tí èédú kékeré kan wà ní orí rẹ̀. Èédú yẹn ni wọ́n ń ṣáná sí, ooru rẹ̀ ló wá ń kọjá sínú tábà. Òórùn rẹ̀ àti bó ṣe rí lẹ́nu lé àwọn oníbàárà sá, nígbà tó máa fi di 1989 wọ́n ti kó o kúrò lórí àtẹ. Philip Morris dán tirẹ̀ wò ní 1998 pẹ̀lú Accord, ìyẹn náà kò rọ́wọ́ mú. Ìgbà tí bátìrì kékeré tó lágbára wá dé ni nǹkan yí padà. Ní 2014 ni Philip Morris kọ́kọ́ tẹ́ IQOS sí ọjà ní Nagoya ní Japan àti ní Milan ní Ítálì. British American Tobacco tẹ̀ lé e pẹ̀lú glo ní ìlú Sendai ní 2016, ọdún yẹn náà ni Japan Tobacco gbé Ploom TECH dé Fukuoka. Ẹ ó rí i pé Japan ni gbogbo wọn forí lé. Òfin ló fà á: oògùn ni òfin Japan ka omi nikotíìnì sí, kò sì rọrùn láti gba àṣẹ láti tà á, nítorí náà sìgá oníbátìrì tó ń lo omi kò ráyè wọlé. Àyè yẹn ni tábà àmúgbóná gbà.

Ẹ jẹ́ ká tú IQOS àkọ́kọ́ wò. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, ó gba àtẹ́lẹwọ́, abẹ pẹlẹbẹ kan sì dúró ṣánṣán nínú ihò rẹ̀. Tábà tí wọ́n ń fi sí i kì í ṣe ewé gígé bíi ti sìgá. Wọ́n lọ ewé náà kúnná, wọ́n pò ó mọ́ omi àti gilisẹ́rìn, wọ́n tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọ́n gbẹ ẹ́, wọ́n wá ká a jọ sínú bébà pẹ̀lú fílítà lẹ́yìn. Ẹni tó fẹ́ lò ó á ti igi tábà náà bọ inú ihò, abẹ yẹn á gún un wọ àárín. Á tẹ bọ́tìnnì, abẹ á gbóná, kò sì ní kọjá nǹkan bí 350°C. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 6 tàbí ìfà 14, èyí tó bá yá nínú méjèèjì, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀.

Ní ti sìgá tí a mọ̀, ẹyin iná orí rẹ̀ máa ń tó 900°C nígbà tí èèyàn bá ń fà á. Atẹ́gùn tí amusìgá fà ló ń fẹ́ iná náà. Bó bá ṣe fà á tó ni iná ṣe ń ràn tó. Òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ nínú IQOS. Atẹ́gùn tútù tó wọlé máa ń rẹ abẹ náà sílẹ̀ díẹ̀, ọpọlọ ẹ̀rọ á fura, á rọ iná mànàmáná sí i láti gbé ìgbóná padà sípò rẹ̀. Sìgá ń fi ara rẹ̀ jó, kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé kó dúró sí 350. Ẹ̀rọ yìí ń gba àṣẹ. Ìyàtọ̀ gidi nìyẹn, kò sì yẹ ká sẹ́ ẹ torí pé a kò fẹ́ràn ẹni tó ń ta ọjà.

Ṣùgbọ́n 350 yẹn, ara abẹ ló wà. Tábà tó fara kan abẹ gbóná gan-an, èyí tó wà lẹ́bàá bébà kò gbóná tó bẹ́ẹ̀, kódà ó lè fi ọgọ́rùn-ún dín sí i. Nítorí náà nígbà tí wọ́n bá sọ fún yín pé ìwọ̀n kan báyìí ni ọjà àwọn ń gbóná dé, ẹ rántí pé oríṣiríṣi ìwọ̀n ló wà nínú igi tábà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ló wá ń jáde? Nǹkan funfun tí ẹ ń rí kì í ṣe afẹ́fẹ́ lásán. Ìkùukùu ni: ẹ̀kán omi tíntìntín tí ojú kò lè dá mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń léfòó nínú afẹ́fẹ́. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro. Ooru á mú omi, gilisẹ́rìn àti nikotíìnì kúrò lára tábà, wọ́n á di afẹ́fẹ́. Bí wọ́n ti ń rìn lọ sí ẹnu ni ara wọn ń tutù, wọ́n á ṣù padà di ẹ̀kán. Omi ń hó ní 100°C, nikotíìnì ní 247°C, gilisẹ́rìn ní 290°C. Kò dìgbà tí nǹkan bá hó kó tó máa gbẹ lọ, nítorí náà ẹ̀rọ tí kò dé 290 náà lè mú gilisẹ́rìn jáde, á kàn kéré sí i ni. Ẹ wá fi àwọn nọ́ńbà yẹn wé 350 ti IQOS àti 240 tí glo àkọ́kọ́ ń lò. Ṣé ẹ rí i? Àwọn tó yan ìwọ̀n wọ̀nyí mọ ibi tí nikotíìnì wà.

Gilisẹ́rìn yìí kan náà ni a ń pa sára nígbà ọyẹ́. Lára awọ, kò lẹ́bi; inú ooru ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ẹni tó bá ti bílíìṣì epo pupa fún ọbẹ̀ àyàmáṣe rí á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Epo tó wà nínú ìkòkò kò gbaná, iná kò fara kàn án. Síbẹ̀ bí ooru bá ti kọjá ibì kan, èéfín á bẹ̀rẹ̀ sí í rú, ojú á máa ta, gbogbo ilé á máa wúkọ́. Lára ohun tó ń ta ojú yẹn ni acrolein. Gilisẹ́rìn ló di ara epo mú, bí ooru bá sì ti tú u sílẹ̀ tó gba omi inú rẹ̀ kúrò, acrolein ló ń dà. Kò sí ọwọ́ iná kankan nínú epo yẹn. Ooru nìkan ló ṣe é. Irú iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe sí gilisẹ́rìn inú igi tábà.

Ewé fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣúgà inú rẹ̀ kì í dúró de iná kó tó fọ́. Bí ó ṣe ń gbóná ló ń tú ká, tó sì ń bí formaldehyde àti acetaldehyde. Formaldehyde yìí ló wà nínú fọ́málìn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì, àjọ IARC tó ń wádìí jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn. Ògiri ewé ní apá tó rọ̀, hemicellulose, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í túká láti nǹkan bí 220°C. Cellulose tó le jù ú lọ máa ń dúró títí di nǹkan bí 315°C. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ní 240 kò kan cellulose rárá. Èyí tó ń dé 350 kàn án, ó kéré tán lẹ́bàá abẹ. Láàárín ẹ̀rọ méjèèjì, iṣẹ́ tí ooru ń ṣe sí ewé kì í ṣe ọ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ orúkọ kan ni wọ́n ń jẹ́ lẹ́nu àwọn tó ń polówó wọn. Kódà nísàlẹ̀ gan-an nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 2015, àwọn onímọ̀ British American Tobacco fúnra wọn tẹ ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n mú tábà gbóná láàárín 100 sí 200°C nìkan. Bí wọ́n ṣe ń gbé ooru lọ sókè ni nikotíìnì ń pọ̀ sí i, àwọn èròjà míràn tí kò yẹ kí èèyàn fà símú sì ń pọ̀ tẹ̀ lé e.

Ibi tí àríyànjiyàn wà nìyí, mo sì fẹ́ ká lo àkókò díẹ̀ níbẹ̀. Ní 2017, àwọn olùwádìí ìjọba Japan, tí Bekki ṣáájú wọn, fi IQOS wé sìgá. Nikotíìnì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti sìgá. Carbon monoxide, gáàsì tí jẹnẹrétọ̀ máa ń tú sínú yàrá tó sì ń pa odidi ìdílé mọ́jú, kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti sìgá lọ. Ẹgbẹ́ nitrosamine ti tábà, tó ń fa jẹjẹrẹ, jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún. Ọdún tó tẹ̀ lé e, BfR, ilé iṣẹ́ ìjọba Jámánì tó ń ṣọ́ ewu inú oúnjẹ àti ọjà, wọn tiwọn. Ẹgbẹ́ formaldehyde dín kù ní nǹkan bí ìdá 80 sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹgbẹ́ benzene dín kù ní ìdá 97 sí 99.

Ẹ wo bí ìdínkù náà kò ṣe dọ́gba. Gáàsì jẹnẹrétọ̀ àti benzene fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, torí iná ńlá ni ìyá wọn. Formaldehyde dín kù ṣùgbọ́n ó kù, torí ooru kékeré tó fún un. Nitrosamine kù jù wọ́n lọ, màá sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Nikotíìnì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹ̀ rárá, torí òun gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ náà.

Ní 2017 yẹn kan náà, Reto Auer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Switzerland tẹ àbájáde tiwọn sínú JAMA Internal Medicine: formaldehyde IQOS tó ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún ti sìgá, acrolein tó 82. Philip Morris fárígá, wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ̀n ọ́n ló ní àbùkù. Ta ni ká gbà gbọ́? Lójú tèmi, àbájáde Japan àti ti Jámánì lágbára jù, torí ẹ̀rọ amusìgá tí gbogbo ayé fọwọ́ sí ni wọ́n lò, àbájáde àwọn méjèèjì sì sún mọ́ ara wọn. Àwọn ará Switzerland fọwọ́ ara wọn to ẹ̀rọ tiwọn ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí ẹ̀rọ tí gbogbo ayé fọwọ́ sí ń ṣe: mílílítà 55 ní ìfà kan, ìṣẹ́jú-àáyá 2 ní ìfà kan, ìfà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí ara wọn. Bí aago. Kò sí ènìyàn tó ń fa tábà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí inú ń bí máa ń fà á léraléra, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lè gbàgbé rẹ̀ sọ́wọ́. Ìfà tó yàtọ̀ ń fún abẹ ní ooru tó yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tó dùn mí jù èyí lọ. Àjọ FDA tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà to èròjà olóró 93 sórí ìwé ní 2012. Philip Morris jíṣẹ́ nípa 40 nínú wọn nígbà tí wọ́n ń wá àṣẹ fún IQOS. Gideon St. Helen àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì California ní San Francisco yẹ ìwé tí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kó lọ síbẹ̀ wò. Lára ohun tí kò sí lórí ìwé 93 yẹn, wọ́n rí èròjà 56 tó pọ̀ nínú IQOS ju bó ṣe wà nínú 3R4F lọ, ìyẹn sìgá tí yunifásítì Kentucky ṣe fún àyẹ̀wò nìkan. Méjìlélógún nínú wọn fi ju ìlọ́po méjì lọ. Méje fi ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Orúkọ àwọn ọmọ iná ló kún inú ìwé FDA, bẹ́ẹ̀ sì ni a gbé nǹkan tí kò ní iná dé iwájú rẹ̀. Gilisẹ́rìn tó ti gbóná ní ọmọ tirẹ̀, tí sìgá kì í fi bẹ́ẹ̀ bí.

Ní Riverside, ní California náà, Prue Talbot àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìkùukùu. Igi tábà IQOS tí wọ́n ti lò tán ni wọ́n gé sí méjì ní 2018, wọ́n wò ó. Tábà tó yí abẹ ká ti dúdú. Eérú kò sí, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti di èédú. Nígbà tí wọn kò fọ ẹ̀rọ náà láàárín igi kan sí èkejì, dúdú yẹn tún pọ̀ sí i, torí ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ abẹ ń gba ooru lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilé iṣẹ́ ń kó búrọ́ọ̀ṣì mọ́ ẹ̀rọ fún oníbàárà. Ẹ bi ara yín léèrè ẹni tó ń lò ó déédéé. Síwájú sí i, wọ́n rí i pé ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nínú igi náà, tí abẹ kò kàn rárá, ti yọ́. Nígbà tí wọ́n mú ike náà gbóná lọ́tọ̀, májèlé kan tó ń jẹ́ formaldehyde cyanohydrin jáde lára rẹ̀ ní 90°C péré. Omi kò tíì hó níbẹ̀. Ẹ̀yin tó ń rò pé bí a bá ti rẹ ooru sílẹ̀ ọ̀rọ̀ ti parí, ẹ fọwọ́ mú èyí dání.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ gan-an. Nínú Ploom TECH, tábà kì í gbóná ju nǹkan bí 30°C lọ, kò ju ooru ọ̀sán tiwa níhìn-ín lọ. Omi kan ni ẹ̀rọ ń sọ di ìkùukùu, ìkùukùu yẹn ló ń kọjá láàárín tábà. Májèlé rẹ̀ kéré, nikotíìnì rẹ̀ náà kéré. Kí ni Japan Tobacco ṣe lẹ́yìn náà? Ní 2019 wọ́n mú Ploom S wá, 200°C. Ní 2021, Ploom X, 295°C. Glo náà ti kúrò ní 240 tó ti bẹ̀rẹ̀, àwọn arọ́pò rẹ̀ gbóná jù ú lọ. Kò sí ẹni tó fipá mú wọn. Oníbàárà tó ti mọ́ lára láti mu sìgá fẹ́ nikotíìnì tó tó o, nikotíìnì sì wà lókè. Fún mi, àtẹ ọjà yẹn sọ òótọ́ ju ìwé ìpolówó lọ.

Mo ní màá padà sórí nitrosamine. Ooru ẹ̀rọ kọ́ ló ń ṣe é. Ó ti wà nínú ewé kó tó kúrò ní oko, nígbà tí wọ́n ń gbẹ ẹ́. Àwọn ará Òkè-Ògùn, láti Ìséyìn dé Ìgbòho, mọ ilé gbígbẹ tábà dáadáa. Ní Amẹ́ríkà wọ́n wá rí i pé nígbà tí iná gáàsì bá ń fẹ́ tààrà sórí ewé, nitrosamine ń pọ̀. Nígbà tó di nǹkan bí 2000, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí ilé gbígbẹ wọn padà kí èéfín gáàsì má bàa kan ewé mọ́, èròjà náà sì lọ sílẹ̀. Èyí jẹ́ májèlé tí ẹ̀rọ tó gbóná díẹ̀ lè dín kù, kò lè yọ ọ́ kúrò. Ẹ wo aáṣáà. Aáṣáà kò rí ẹ̀rọ rí, kò rí iná rí. Ó wà nínú ìṣá lọ́wọ́ màmá àgbà. Síbẹ̀ IARC kéde ní 2007 pé tábà tí a kì í fi iná sí ń fa jẹjẹrẹ ẹnu àti ti àmọ́. Bí a bá rẹ ooru sílẹ̀ títí tí kò fi sí ooru rárá, tábà ṣì ni tábà.

Kí ni àwọn ìjọba ti ṣe? Ìgbìmọ̀ onímọ̀ májèlé ní Ìlú Ọba sọ ní 2017 pé májèlé tó wà nínú ọjà wọ̀nyí fi ìdá 50 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti sìgá, wọ́n sì fi kún un pé kí èèyàn jáwọ́ ló dára jù. FDA gba IQOS láyè láti wọ ọjà ní 2019. Ní oṣù keje 2020, wọ́n gbà kí ilé iṣẹ́ náà máa sọ pé májèlé tó ń wọ ara ẹni tó bá yí padà pátápátá láti sìgá dín kù, wọ́n sì kọ̀ jálẹ̀ kó máa sọ pé àìsàn dín kù. Ọ̀pọ̀ ló ka ìyàtọ̀ yẹn sí eré òfin. Kì í ṣe eré. Ìwádìí tó jáde nínú ìwé ìròyìn BMJ ní 2018 fi hàn pé ẹni tó ń mu sìgá kan ṣoṣo lóòjọ́ ti gbé nǹkan bí ìdajì àfikún ewu àìsàn ọkàn tí ẹni tó ń mu ogún ń gbé. Sìgá rẹ̀ fi ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ewu rẹ̀ kò dín kù tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé májèlé dín kù ní ìdá 90, ẹ má ṣe bá a ṣírò pé ewu náà dín kù ní ìdá 90.

Níhìn-ín, Òfin Tábà tí Nàìjíríà ṣe ní 2015 fún ìjọba lágbára láti bi ilé iṣẹ́ tábà léèrè ohun tó wà nínú ọjà rẹ̀ àti ohun tó ń jáde lára rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ wọ̀nyí wá síwájú Ilé Iṣẹ́ Ìlera fún àṣẹ, ẹ̀yin tí ẹ máa jókòó síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ jíjóná àti àìjóná gba ọjọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìwọ̀n ìgbóná tó ga jù sílẹ̀, lára abẹ àti nínú tábà, pẹ̀lú iye ìṣẹ́jú tó fi ń dúró síbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kó gbogbo èròjà tí wọ́n rí wá, èyí tó lọ sókè pẹ̀lú èyí tó lọ sílẹ̀, kì í ṣe ogójì tí wọ́n fẹ́ràn. Kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ méjì ṣe àyẹ̀wò náà: ọ̀kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ látinú páálí, àti ọ̀kan tó ti fa ogún igi láì rí búrọ́ọ̀ṣì.